ÒFIN ẸJA PÍPA NÍNÚ ADÁGÚN

Àgbẹ̀ tí ó gbọ́n kì í jẹ irúgbìn rẹ̀ tán nínú ọdún ọ̀dá. Bí ebi tilẹ̀ ń pa á, yóò so ṣírí àgbàdo díẹ̀ rọ̀ sókè àjà, nítorí ó mọ̀ pé òjò ń bọ̀, àti pé ẹni tí kò ní irúgbìn kò ní ohun tí yóò dà sínú ilẹ̀ nígbà tí òjò bá dé. Ọ̀rọ̀ yìí yé gbogbo ènìyàn nínú oko, ṣùgbọ́n kì í tètè yé wọn nínú omi. Ẹni tí ó dúró létí oko lè fi ojú ka ebè. Ẹni tí ó dúró létí adágún kò lè ka ẹja. Omi bo ohun gbogbo mọ́lẹ̀, apẹja a sì máa rò pé ẹja kò lè tán láé. Nítorí ìdí èyí ni ó fi yẹ kí òfin wà tí yóò sọ ẹni tí ó lè pa ẹja nínú adágún, ìgbà tí ó lè pa á, ohun tí ó lè fi pa á, àti bí ẹja náà yóò ti tóbi tó kí wọ́n tó mú un.

Ọ̀nà tí ó rọrùn jù láti fi mọ ìdí òfin yìí ni kí ènìyàn kọ́kọ́ wo adágún tí ó kéré jù lọ. Pápá Àjàó, ní agbègbè Mushin ní ìlú Èkó, kì í ṣe abúlé apẹja. Ilé kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ọjà Ládípò, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, kò jìnnà sí i. Ọ̀sà sì wà lọ́hùn-ún, ní ìkọjá Yábàá. Síbẹ̀, ní irú àdúgbò báyìí ní Èkó, àwọn kan ń sin ẹja àrọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé wọn, nínú kòtò tí wọ́n fi símẹ́ńtì mọ, nínú táńkì oníke, tàbí nínú tapólì tí wọ́n fi igi gbé dúró. Ẹni tí ń sin ín ra ọmọ ẹja wẹ́wẹ́, ó kà wọ́n, ó dà wọ́n sínú omi, ó sì ń fún wọn ní oúnjẹ lójoojúmọ́. Bí nǹkan bí oṣù mẹ́fà bá kọjá, tí omi dára, tí oúnjẹ sì tó, ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò ti tó ẹja tí ó ṣeé tà.

Ẹni tí ń sin ẹja báyìí ní òfin tirẹ̀, bí kò tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé. Kò jẹ́ kí ẹja ńlá àti ẹja kékeré wà pọ̀ pẹ́, nítorí àrọ̀ ńlá a máa gbé àrọ̀ kékeré mì. Nítorí náà a máa ṣà wọ́n sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti tóbi sí. Àwọn tí ó ti dàgbà ni ó ń kọ́kọ́ tà, kí àwọn tí ó kù lè ní àyè àti oúnjẹ láti dàgbà. Kò sí ẹni tí ó lè wá ju àwọ̀n sínú kòtò náà láìgba àṣẹ, nítorí ojú ẹni tí ó ni ín wà lára rẹ̀. Bí ó bá sì kó gbogbo ẹja inú rẹ̀ tán lọ́jọ́ kan, òun náà ni yóò ra ọmọ ẹja mìíràn. Èrè jẹ́ tirẹ̀, àdánù náà sì jẹ́ tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí omi bá di ti gbogbo ìlú, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹja tí apẹja kan bá dá sílẹ̀ lónìí, ó mọ̀ pé apẹja mìíràn lè pa á kí ilẹ̀ tó ṣú. Nítorí náà olúkúlùkù a máa sáré kí ẹnìkejì má baà ṣáájú rẹ̀. Kò sí ìkà nínú ọkàn ọ̀kankan nínú wọn; ìbẹ̀rù ni ó ń lé wọn. Síbẹ̀, bí gbogbo wọn bá ń sáré bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àwọ̀n gbogbo wọn yóò gòkè lófìfo. Òfin ni ó lè fi ọkàn wọn balẹ̀, nítorí bí ẹnì kan bá mọ̀ pé aládùúgbò òun kò ní í pa ọmọ ẹja, òun náà lè dá a sí.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin adágún tí ẹja ti ń bí sí i, àti adágún tí ẹja kì í ti í bí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, ẹja kan wà tí wọ́n ń pè ní trout. Omi tútù ni ó fẹ́. Ní ọ̀pọ̀ adágún níbẹ̀, ẹja yìí kò lè bí, nítorí inú omi tí ń ṣàn lórí òkúta wẹ́wẹ́ ni ó fẹ́ máa yé ẹyin sí. Nítorí náà àwọn tí ó ni omi náà a máa sin ọmọ rẹ̀ ní ibòmíràn, wọn a sì dà á sínú adágún láti ìgbà dé ìgbà. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ìwọ̀ pa á gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, iye tí ó sì lè gbé lọ sílé ní ọjọ́ kan ní òǹkà. Àwọn òyìnbó gbé ẹja yìí dé Kẹ́ńyà ní ọdún 1905, wọ́n sì dà á sínú odò tí ń ṣàn lórí òkè Aberdare, níbi tí òtútù wà. Kò lè gbé inú ọ̀sà Èkó, nítorí omi ibẹ̀ gbóná jù fún un.

Nínú irú adágún tí ẹja kì í ti í bí yìí, iṣẹ́ òfin ni láti pín ẹja. Òǹkà ni wọ́n dà sómi, òǹkà ni ó sì gbọdọ̀ jáde, kí ẹni tí ó kọ́kọ́ dé má baà kó ìpín ẹni tí ó kẹ́yìn lọ. Ṣùgbọ́n níbi tí ẹja ti ń bí, bí ó ti rí nínú ọ̀pọ̀ omi ilẹ̀ Yorùbá, òfin ní iṣẹ́ mìíràn tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní láti dá irúgbìn sí. Bí ẹja kan bá ti bímọ kí wọ́n tó pa á, ó ti fi àrólé sílẹ̀; bí wọ́n bá pa á kí ó tó bímọ, òun àti gbogbo ìran tí ì bá ti ara rẹ̀ jáde ni wọ́n pa.

Bí a bá mọ bí ẹja ti ń bímọ, ọ̀rọ̀ yìí yóò yéni sí i. Àrọ̀ a máa dúró de òjò. Nígbà tí odò bá kún tí ó sì bo koríko etí rẹ̀, ibẹ̀ ni abo yóò yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin sí, nínú omi tí kò jìn. Ẹni tí ó bá fi ìgèrè dí ojú ọ̀nà omi náà ní àkókò yìí ń pa aboyún lójú ọ̀nà ilé ìgbẹ̀bí. Epìyà ní tirẹ̀ kì í yé ẹyin púpọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń tọ́jú ìwọ̀nba tí ó bá yé. Oríṣi epìyà kan wà nínú ọ̀sà Èkó tí ó jẹ́ pé akọ rẹ̀ ni ó ń gbé ẹyin sí ẹnu. Ibẹ̀ ni ẹyin náà yóò wà títí tí yóò fi pa, títí tí ọmọ yóò fi lè wẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní gbogbo àkókò náà, baba kò lè jẹun dáadáa. Apẹja tí ó bá fi àwọ̀n gbé irú ẹja bẹ́ẹ̀ rò pé ẹja kan ṣoṣo ni òun pa, bẹ́ẹ̀ ni agboolé kan ni ó kó.

Èyí ni ó fà á tí òfin fi ń sọ nípa ojú àwọ̀n. Bí ojú àwọ̀n bá fẹ̀, ọmọ ẹja yóò gba ibẹ̀ kọjá, èyí tí ó ti dàgbà ni yóò há. Bí ojú rẹ̀ bá kéré bí ti asẹ́, yóò kó ìyá, yóò kó ọmọ, yóò sì kó ẹyin pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ènìyàn ṣọ́ra kí ó má ṣe pe gbogbo ẹja kékeré ní ọmọdé. Ẹja yọ́yọ́ kò lè ga ju bẹ́ẹ̀ lọ bí ó tilẹ̀ gbó. Àgbà ni ó jẹ́ láàrin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Òfin tí ó dára gbọ́dọ̀ mọ ẹja ní oríṣiríṣi, kí ó sì mọ ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń bímọ.

Kì í ṣe ayé òde òní ni ó kọ́ ènìyàn ní irú òfin yìí. Ní Òṣogbo, láti ìgbà pípẹ́ ni wọ́n ti ń ka ẹja inú odò Ọ̀ṣun, níbi tí ó gba inú igbó òrìṣà náà kọjá, sí ohun ọ̀wọ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pẹja níbẹ̀, kò gbọdọ̀ dọdẹ nínú igbó náà, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ gé igi rẹ̀. Àjọ UNESCO ka igbó yìí mọ́ àwọn ohun ìní àjogúnbá gbogbo ayé ní ọdún 2005. Ẹni tí kò sin Ọ̀ṣun pàápàá lè rí ọgbọ́n inú èèwọ̀ náà: níbi tí wọn kò ti ń pẹja, ẹja yóò dàgbà níbẹ̀, yóò bímọ, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì wẹ̀ jáde lọ sí ibi tí wọ́n ti lè pa wọ́n.

Ní Argungu, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Kebbi, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n ń gbà. Apá kan wà nínú odò níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Matan Fada, tí ó jẹ́ èèwọ̀ láti pẹja nínú rẹ̀ títí di ọjọ́ ọdún. Ìdílé kan wà tí oyè Sarkin Ruwa, èyí tí í ṣe olórí omi, wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń ṣọ́ odò náà tí wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀. Ní 1934, nígbà tí Sultan Sókótó, Hassan dan Mu'azu, bẹ Argungu wò, wọ́n fi ẹja pípa yẹ́ ẹ sí, láti ìgbà náà ni ọdún náà sì ti di olókìkí. Bí wọ́n bá fún wọn láṣẹ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin yóò bẹ́ sínú omi lẹ́ẹ̀kan náà, tàwọn ti àwọ̀n ọwọ́ àti igbá ńlá. Ní 2005, ẹja tí ó gba ipò kìíní wúwo tó 75 kìlógíráàmù. Irú ẹja bẹ́ẹ̀ kì í wà nínú odò tí wọ́n ń da àwọ̀n sí lójoojúmọ́. Ọdún náà dáwọ́ dúró fún ìgbà díẹ̀ nítorí àìsí ààbò ní apá òkè ọya, ṣùgbọ́n wọ́n tún ṣe é ní 2020.

Ní apá ìwọ̀-oòrùn, ní ọ̀sà Nokoué tí ó wà nítòsí Kùtọnu ní orílẹ̀-èdè Benin, àwọn ará Ganvié, tí ilé wọn dúró lórí òpó nínú omi, ń ṣe oko ẹja tí wọ́n ń pè ní acadja. Wọ́n ń ri ẹ̀ka igi mọ́lẹ̀ nínú omi tí kò jìn. Èéhọ̀n yóò hù sára igi náà, ẹja yóò wá jẹun níbẹ̀, yóò sá pamọ́ síbẹ̀, yóò sì bímọ. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹni tí ó ni oko náà yóò fi àwọ̀n yí i ká, yóò yọ igi kúrò, yóò sì kó ẹja. Irú rẹ̀ wà nínú ọ̀sà Èkó pẹ̀lú. Ọ̀nà yìí dára, ṣùgbọ́n ó ní àléébù tirẹ̀: wọ́n ń gé igi púpọ̀, igi tí ó bá jẹrà a sì máa mú kí ìsàlẹ̀ omi ga. Nítorí náà òun pàápàá ń fẹ́ ìwọ̀n.

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ níbi tí ìwọ̀n kò sí, kí ó ka ìtàn adágún Kainji. Ní 1968 ni wọ́n parí ìsédò tí ó dí Odò Ọya níbẹ̀. Omi náà bo ìlú Bussa àtijọ́, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn tí ó ju 40,000 lọ sí ibùgbé tuntun. Adágún tí ó wá síbẹ̀ gùn tó nǹkan bí 136 kìlómítà. Koríko àti ewé tí omi bò mọ́lẹ̀ jẹrà, wọ́n di ọ̀rá fún omi, ẹja sì pọ̀ lọ́nà àrà. Òkìkí rẹ̀ kàn, àwọn apẹja sì wá láti ọ̀nà jíjìn. Ní 1970, ẹja tí wọ́n pa níbẹ̀ tó nǹkan bí 28,000 tọ́ọ̀nù. Nígbà tí yóò fi di 1978, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 4,500.

Kò tọ́ láti di gbogbo ẹ̀bi náà ru àwọn apẹja. Ọ̀rá tí ó wà nínú omi tuntun kò lè wà títí. Gbogbo adágún tí ènìyàn bá fi ìsédò ṣe ni ó ń rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹja ti ń dínkù, kàkà kí àwọn apẹja dẹ ọwọ́, ojú àwọ̀n wọn ni ó túbọ̀ ń kéré sí i. Àwọ̀n kan wà tí ó gùn gan-an, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fà láti inú omi wá sí etí ilẹ̀. Etí ilẹ̀ náà gan-an ni ibi tí ọmọ ẹja ń sá sí. Láti 1993 títí di 2001, Nàìjíríà àti Jámánì jùmọ̀ ṣe iṣẹ́ kan láti tún ọ̀rọ̀ ẹja Kainji ṣe. Àwọn òṣìṣẹ́ ka ẹja, wọ́n wọn àwọ̀n, wọ́n sì bá àwọn apẹja jókòó sọ̀rọ̀, wọ́n sì fi òfin de àwọ̀n fífà náà.

Ohun kan tún wà tí ó burú ju àwọ̀n ojú-kékeré lọ, èyí ni májèlé. Gamalin 20 jẹ́ oògùn tí wọ́n ṣe fún àwọn àgbẹ̀ láti fi pa kòkòrò tí ń ba kòkó jẹ́. Àwọn olójúkòkòrò kan gbé e kúrò nínú oko, wọ́n sì dà á sínú odò. Kò pẹ́ tí ẹja ńlá àti kékeré fi léfòó lórí omi. Ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ kò pa ẹja nìkan. Ó pa kòkòrò tí ẹja ń jẹ, ó ba omi tí àwọn obìnrin ń pọn jẹ́, ó sì gbé májèlé lọ sí ọjà fún ọmọ ọlọ́mọ láti jẹ. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1992 nípa ẹja inú odò ilẹ̀ yìí kọ májèlé, ó kọ ohun tí ń bú gbàmù, ó sì kọ àwọ̀n tí ojú rẹ̀ kò tó ìwọ̀n.

Ṣùgbọ́n òfin tí wọ́n kọ sínú ìwé nìkan kò lè sọ́ odò. Apẹja tí ó ní ọmọ púpọ̀ lè béèrè pé, "Ṣé kí àwọn ọmọ mi máa wo omi nígbà tí ebi ń pa wọ́n?" Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti aláìgbọràn, ìbéèrè baba ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá a lóhùn gbọ́dọ̀ fi ọgbọ́n ṣe é. Bí wọ́n bá gba àwọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀ láìfi ọ̀nà mìíràn hàn án, yóò padà wá ní òru. Bí òfin bá sì mú ẹni tí ó ní ìwọ̀ kan, tí ó fi ẹni tí ó ní ogún àwọ̀n sílẹ̀ nítorí pé ó lówó, kò sí ẹni tí yóò bọ̀wọ̀ fún un mọ́. Òfin ń fìdí múlẹ̀ níbi tí àwọn apẹja fúnra wọn bá ti wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe é, níbi tí àkókò tí wọ́n ti odò kò pẹ́ jù, àti níbi tí wọ́n ti rí i pẹ̀lú ojú ara wọn pé ẹja tí wọ́n dá sí ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn ni ó wá di ńlá nínú àwọ̀n wọn. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìjọba nìkan kò lè ṣọ́ omi. Apẹja nìkan kò sì lè ṣọ́ ọ.

Ẹnì kẹta tún wà nínú ọ̀rọ̀ náà tí a kì í sábà dárúkọ. Òun ni ẹni tí ń ra ẹja. Òun ni ó ń rán apẹja níṣẹ́ láìmọ̀. Bí ọmọ òbòkún tí kò ju ìka ọwọ́ lọ bá tà lọ́jà, apẹja yóò tún padà lọ kó o. Bí àwọn oníbàárà bá ń fi í sílẹ̀ lórí àtẹ, kò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò ọlọ́pàá kí ó tó fẹ ojú àwọ̀n rẹ̀. Nítorí náà akẹ́kọ̀ọ́ tí ń gbé Pápá Àjàó, tí kò tí ì dé Kainji rí, tí kò sì mọ̀ ọ́n wẹ̀, ní ipa tirẹ̀ nígbàkígbà tí wọ́n bá rán an lọ ra ẹja. Ó yẹ kí ó mọ ẹja yọ́yọ́ yàtọ̀ sí ọmọ ẹja ńlá. Ó yẹ kí ó mọ̀ pé ẹja tí ó pọ̀ tí ó sì pọ̀ lówó lónìí lè jẹ́ irúgbìn ọdún tí ń bọ̀.

Nítorí ọ̀la ni a ṣe ń ṣe òní lóore. Ẹja tí ó bọ́ lọ ní ojú àwọ̀n kò tí ì sọnù. Inú omi ni ó ṣì wà, ó ń jẹun, ó ń dàgbà, ó sì ń tọ́jú ara rẹ̀ láìgba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin òfin ẹni tí ń sin ẹja ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ àti òfin omi tí ó jẹ́ ti gbogbo ìlú?
2. Kí ni ìdí rẹ̀ tí wọ́n fi ń ka iye trout tí ènìyàn lè gbé lọ sílé?
3. Ṣàlàyé bí àrọ̀ àti epìyà ti ń bímọ. Ẹ̀kọ́ wo ni èyí kọ́ apẹja?
4. Kí ni ó mú kí ẹja Kainji dínkù láàrin 1970 àti 1978?
5. "Ìbéèrè baba ni." Irú ìdáhùn wo ni ó yẹ apẹja tí ó béèrè bẹ́ẹ̀?
6. Kọ àròkọ kan lórí ohun àmúlò kan ní àdúgbò rẹ tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, kí o sì sọ irú òfin tí ó lè dá a sí.